Ta Ló Kú Níbẹ̀? Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan sí Orí Òkè ní Àríwá Georgia

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ní Lawrenceville, nítòsí Atlanta. Láàárín ọdún wọ̀nyí mo ti wakọ̀ dé Houston torí ìgbéyàwó, mo ti wakọ̀ dé Maryland torí ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi. Charlotte ti di ibi tí mo lè dijú lọ, torí àbúrò mi kan ń bímọ níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òkè Appalachian, tí mo lè dé ẹsẹ̀ wọn láàárín wákàtí kan ààbọ̀, n kò yọjú síbẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò fi ìwé ìpè ránṣẹ́ láti ibẹ̀, a kò sì ra aṣọ ẹbí kankan fún un.

Mo pe Màámi ní Ìdànrè láti sọ fún wọn pé mo ń rìnrìn àjò lọ́la.

"Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú, Màámi."

"Ta ló ń gbéyàwó?"

"Kò sí."

"Kí lo wá ń wá lọ?"

"Òkè ni mo fẹ́ lọ wò."

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já ni, àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín. "Ìwọ tí wọ́n bí sí ìdí òkè! Ṣé o ò rí nǹkan mìíràn fi owó epo ṣe ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó ń bá mi lọ. Nígbà tí mo ní èmi nìkan ni, wọ́n ní kí n máa fi ibi tí mo bá dé ránṣẹ́ sí àwọn, kí n má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mi sórí òkè. N kò bá wọn jiyàn. Wọ́n ti pẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí jù mí lọ.

Mo ti di ẹrù: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà kékeré, fíláàsì tíì, omi, aṣọ òtútù méjì. Mo yẹ afẹ́fẹ́ inú táyà wò. Mo sì fa máàpù agbègbè náà sórí fóònù, torí wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í gun òkè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

6:50 àárọ̀. Ìparí oṣù kẹwàá ni, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Mo gba ọ̀nà 20 kí n lè já sí ọ̀nà 400. Ọ̀nà 20 yìí gba Cumming kọjá, olú-ìlú Forsyth County, ibẹ̀ sì ni mo ti mọ ìdí tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi fi yí padà lánàá. Ní 1912, àwọn òyìnbó agbègbè yìí lé gbogbo ènìyàn dúdú tó ń gbé ibẹ̀ jáde, ó lé ní 1,000 èèyàn. Wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ilẹ̀ wọn sì di ti ẹlòmíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ènìyàn dúdú kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú òun níbẹ̀. Lónìí, ilé ìtajà ńláńlá ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn ará Íńdíà sì ti kọ́lé síbẹ̀ rẹpẹtẹ. Mo ra epo, mo sọ "gúdú mọ́níìn" fún ọmọ tó wà nídìí owó, ó dá mi lóhùn, mo lọ.

8:25. Amicalola, ibi tí omi ti ń já láti orí òkè. Wọ́n gba dọ́là márùn-ún ní ẹnu ọ̀nà. Ní èdè àwọn Cherokee, tó ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, orúkọ yìí ń sọ nípa omi tó ń yí gbirigbiri bọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti wò ó dáadáa kó tó lanu. Omi náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 729, ṣùgbọ́n kì í já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí omi inú garawa. Ó ń fò láti orí àpáta kan bọ́ sórí èkejì, ó ń pín, ó tún ń para pọ̀, bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí agogo lù.

Àtẹ̀gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 604. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà, bóyá kí ẹni tó mọ ara rẹ̀ lè tètè padà sídìí ọkọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Òkè Ìdànrè náà lé ní 600 àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà, a sì máa ń fi eré gùn ún. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo fi eré gùn ún kẹ́yìn, mo sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí. Nígbà tí mo fi ka 200, mo ti di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú bí ẹni di ọkọ̀ ojú omi mú. Ìyá àgbà òyìnbó kan kọjá lára mi pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ajá náà wò mí.

Mo dé òkè. Omi ń ho lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìkùukùu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde láàárín igi. Àwọn ewé ti yí àwọ̀ tán, bí ẹni pé wọ́n sá àlàárì àti sányán sórí gbogbo òkè. Àwọ̀ rúsúrúsú yẹn ti wà nínú ewé látìgbà tó ti rúwé, àwọ̀ tútù ló bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, igi á fa àwọ̀ tútù náà kúrò, ohun tó wà nísàlẹ̀ á wá yọjú. Pupa ní tirẹ̀, igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ni.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí àga ìta. Irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, òórùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ti gùn tó máìlì mẹ́jọ ààbọ̀ lọ sórí Springer Mountain, níbi tí Appalachian Trail ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó lé ní máìlì 2,190, tó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá títí dé Maine. Àwọn tó pọ̀ jù máa ń bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní oṣù kẹta. Òun ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Maine ní oṣù kẹfà, ó sì parí rẹ̀ lánàá. Mo bi í bóyá ebi ń pa á. Ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Mo fún un ní ìdajì ìrẹsì mi. Ata náà mú un, omijé bọ́ lójú rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣàn, kò sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

Mo bi í pé kí ló ń wá lọ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ronú lé e. Ó ní òun kò mọ̀, òun kàn ń rìn ni.

Mo fẹ́ pe Màámi lójú ẹsẹ̀ kí n sọ fún wọn pé ẹnì kan fi oṣù márùn-ún rìn, ẹnikẹ́ni ò sì kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí.

10:45. Dahlonega. Ìlú kékeré tó rẹwà, ilé bíríkì pupa, kọfí tó wọ́n. Ní nǹkan bí 1829 ni ìròyìn wúrà tàn káàkiri agbègbè yìí, ogún ọdún kí ti California tó gbòde. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ Cherokee tó túmọ̀ sí àwọ̀ rúsúrúsú, àwọ̀ wúrà. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1836 ṣì dúró láàárín ìlú, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, wọ́n sì ní wúrà wẹ́wẹ́ wà nínú bíríkì rẹ̀, torí amọ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Èmi àti bàbá kan jọ fojú súnmọ́ ògiri, a ń wá a. A kò rí nǹkan kan, ojú sì tì wá díẹ̀.

Àmọ́ ọdún méjì kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ní 1832, ìjọba Georgia gbé ilẹ̀ àwọn Cherokee sórí tẹ́tẹ́. Tẹ́tẹ́ gan-an ni mo sọ: wọ́n gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n kọ nọ́ńbà sórí ìwé, òyìnbó tó bá fa nọ́ńbà yọ á gba ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣì ń dáná lórí rẹ̀. Ní 1838, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ilé ìrọ owó wúrà sílùú yìí. Ọdún 1838 yẹn kan náà ni àwọn sójà fi ìbọn kó àwọn Cherokee jọ, bíi 16,000 èèyàn, tí wọ́n sì dà wọ́n lọ sí ìwọ̀ oòrùn, sí ibi tó ń jẹ́ Oklahoma lónìí. Nǹkan bí 4,000 nínú wọn ló kú. Ọ̀nà Omijé ni wọ́n ń pe ìrìn náà. Ilé ìrọ owó ọ̀hún kò sì pé ọdún mẹ́rìnlélógún: wọ́n tì í ní 1861 nígbà tí ogun abẹ́lé dé. Gbogbo ìyẹn, fún ọdún mẹ́tàlélógún.

Lẹ́bàá ibẹ̀, àwọn ọmọdé ń sanwó láti fọ iyanrìn nínú àwo kí wọ́n lè rí wúrà tó kéré ju èérún lọ. Mo rántí ìhà Iléṣà, tí wúrà wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn náà. N kò sanwó.

12:05 ọ̀sán. Ibí yìí ni n kò bá ní mọ̀ bí mo bá ń sáré. Bíi máìlì mẹ́sàn-án sí àríwá Dahlonega, ọ̀nà 19 àti ọ̀nà 60 pínyà. Oríta mẹ́ta. Ní àárín oríta gan-an ni òkìtì òkúta kan wà, òkúta wẹ́wẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́, àwọn ọkọ̀ ń yí i po. Stonepile Gap ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìtàn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé sàréè ọmọbìnrin Cherokee kan tó ń jẹ́ Trahlyta ni, àti pé ẹni tó bá ń kọjá máa ń fi òkúta kan lé e, á sì sọ ohun tó ń fẹ́. Wọ́n tún máa ń pa á nítàn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń ṣe ọ̀nà fẹ́ ṣí òkìtì náà nípò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni ẹnì kan kú. Ọ̀nà ló yà fún òkúta nígbẹ̀yìn, òkúta kò yà fún ọ̀nà.

Mo gbọ́kọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo jókòó, mo ń wò ó.

Òkúta. Oríta mẹ́ta. Ẹni tó ń kọjá tó ń sọ ohun tó ń fẹ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, wọ́n sì mọ̀ mí sí i ní ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n tọ́ dàgbà nílé wa tí kò mọ ẹni tó ni oríta? Yangí ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ fún un. Ìyá àgbà mi kì í dá sí ọ̀ràn oríṣà mọ́ nígbà tí mo gbọ́njú, síbẹ̀ wọn kì í ju omi ìdọ̀tí sí ìkóríta láé, bí a bá sì bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní àwọn kàn ń ṣe ọmọlúàbí ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì bí ẹni pé Pásítọ̀ lè wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, mo ṣa òkúta kan tó tó obì lójú ọ̀nà, mo sáré sọdá, mo fi lé e. Ohun tí mo sọ, mi ò ní sọ.

12:50. Neel Gap. Ilé òkúta tí àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba gbà síṣẹ́ kọ́ nígbà ọ̀dá owó ọdún 1930 sí 1939. Appalachian Trail gba abẹ́ òrùlé rẹ̀ kọjá, bí ọ̀nà tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn. Láti Springer dé ibí kò ju bíi máìlì 31 lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ti máa ń sú níbí, wọ́n á wọkọ̀ padà sílé. Bàtà tí wọ́n so rọ̀ níbẹ̀ kò ṣe é kà. Mo ra omi, mo tẹ̀síwájú.

1:30. Kí n tó dé ibi tí mo máa yà sí ọ̀nà 180, mo rí èéfín. Bàbá òyìnbó kan dá iná sábẹ́ ìkòkò irin dúdú, ó kọ àkọlé sára páálí. Ẹ̀pà sísè! Nínú èèpo rẹ̀, nínú omi iyọ̀, bí a ṣe ń sè é gan-an. Ó bi mí tìfẹ́tìfẹ́ bóyá mo ti tọ́ ọ wò rí, ó sì fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń là á. Mo fi ìka méjì tẹ èèpo kan, ẹ̀pà bọ́ sẹ́nu mi, mo mu omi inú rẹ̀, mo ju èèpo nù kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó dáa o, màdáàmù."

N kò fi ṣe ìgbéraga. Àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló mú oúnjẹ yìí mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù lára. Lórí tábìlì rẹ̀ ni ìgò omi dídùn kan tún wà, ó dúdú, ó ki bí oyin. Ọkà bàbà ni. Wọ́n máa ń lọ pòròpórò rẹ̀ bí ìrèké, wọ́n á gbé omi rẹ̀ ka iná títí yóò fi ki, Blairsville tó wà níwájú sì máa ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà bàbà ti ṣẹ̀. Èmi tí mo jẹ ẹ́ lógì jẹ ẹ́ ní tùwo, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé omi dídùn wà nínú pòròpórò rẹ̀. Mo ra ìgò kan àti ẹ̀pà àpò méjì.

2:20. Brasstown Bald, ẹsẹ̀ bàtà 4,784, òkè tó ga jù lọ ní Georgia. Ẹ má wá idẹ níbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dárúkọ idẹ. Ògbufọ̀ ló ṣì í gbọ́: àwọn Cherokee ń sọ ibi tútù yọ̀yọ̀, ẹni tó ń kọ̀wé gbọ́ idẹ. Èyí kò yà mí lẹ́nu rárá, ìlú wo nílé wa ni aláwọ̀ funfun kò ṣì kọ orúkọ rẹ̀ sí máàpù?

Láti ibi tí a gbọ́kọ̀ sí, ọ̀nà ọ̀dà kékeré kan ló gun òkè, ó kúrú, ṣùgbọ́n ó dà gẹ̀rẹ̀ bí òrùlé. Lókè ni ilé ìwòran òkúta wà. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, èèyàn á rí ìpínlẹ̀ mẹ́rin: Georgia, Tennessee, North Carolina, South Carolina. Lónìí ó mọ́. Òkè lẹ́yìn òkè lẹ́yìn òkè, àwọn tó jìnnà ń di búlúù, títí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ òkè mọ́ àti èyí tó jẹ́ sánmà.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣe lọ nìyí: ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ Áfíríkà rìn wá, ó fi orí sọ Àríwá Amẹ́ríkà, ilẹ̀ sì wú sókè bí ẹní tí a tì láti igun méjèèjì. Bí àwọn òkè wọ̀nyí ṣe ga nìyẹn. Wọ́n ga lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà náà, òjò ti jẹ wọ́n kù. Nígbà tí òkun Àtìláńtíìkì wá là sáàárín, apá kan àwọn òkè náà bá Áfíríkà lọ, wọ́n wà ní Mòrókò. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

4:00. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́ bí ifun, n kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrẹ́ẹ̀kì. Kò pẹ́ tí òórùn jíjó kan fi wọlé, mo kọ́kọ́ bínú sí ọkọ̀ iwájú. Ọkọ̀ mi ni. Èéfín tín-ín-rín ń jáde lára táyà ọ̀tún. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkàn mi ń lù kìkì, fóònù ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́yìn mi. Bàbá arúgbó kan tó dé fìlà sọ̀ kalẹ̀. Kò bi mí níbi tí mo ti wá. Ó ní kí n má da omi sí i o, kí n jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kí n wá fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dá ọkọ̀ dúró, kí n máa tẹ búrẹ́ẹ̀kì díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi í sílẹ̀. Ó dúró tì mí fún ogún ìṣẹ́jú. A jọ jẹ ẹ̀pà.

5:15. Helen. Mi ò ní lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ torí mo fi wákàtí kan wà nínú gosílóò. Ìlú onígẹdú ni tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tán, ìlú fẹ́ kú. Ní 1969, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ pe ayàwòrán kan, John Kollock, ó yà á fún wọn bí ìlú òkè Jámánì, wọ́n sì fi igi àti ọ̀dà sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ní kúkúrú, gbogbo ilé ìlú náà ra aṣọ ẹbí kan náà, títí kan ilé epo. Mo gbà fún wọn. Ohun tó dá mi dúró ni odò kékeré tó ń gba abẹ́ afárá kọjá. Chattahoochee ni. Inú àwọn òkè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn ló ti ń ṣẹ́yọ. Ó ń lọ sínú Lake Lanier, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fà á wá sínú ẹ̀rọ omi wa ní Gwinnett. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó tutù wọnú eegun.

8:10 alẹ́. Mo délé. Nǹkan bíi 200 máìlì. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti dé, wọ́n dáhùn kí n tó gbé fóònù kalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú

Ẹsẹ̀ ń dùn mí débi pé àga ni mo fi kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn mo pe Màámi.

"Ṣé ó tó tiwa?"

Mo ní ó ga ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n igbó ló bò ó, kò rí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí àpáta tiwa.

"Ta ló ń gbé orí rẹ̀?"

Mo sọ fún wọn. Tẹ́tẹ́, wúrà, sójà, gbogbo rẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Gbogbo wọn ni wọ́n lé lọ?"

"Rárá, Màámi. Àwọn kan sá wọ inú òkè lọ, wọ́n fara pamọ́. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní North Carolina."

"Òkè gbà wọ́n," ni wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń sọ nípa àwọn bàbá tiwa. Lẹ́yìn náà: "Àwa la fẹsẹ̀ ara wa sọ̀ kalẹ̀." Ní 1923 ni àwọn ará Ìdànrè kó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bàbá wọn jẹ́ ọmọdé nígbà náà, àpótí ìjókòó kékeré kan ni wọ́n gbé rù ú. Mo ti gbọ́ ìtàn àpótí yẹn ní ìgbà àìmọye, n kò dá wọn lẹ́kun.

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀pà tí o sọ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n fi iyọ̀ sí i?"

Mo ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Wọ́n ní kí n da omi rẹ̀ nù, kí n fi omi tútù ṣàn án, kí n tún un gbé kaná.